Àna Kì í Bá Àna Ta Ayò

Ẹ má ní kí n fara balẹ̀, Ìyá Mọ́nsúrù, ara wo ló kù tí n ó fi balẹ̀? Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmú kan náà la jọ mu, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí títí mo fi ń rìn, tí ẹ bá ní kí n jókòó n ó jókòó, ó dáa, mo ti jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n fara balẹ̀. Ẹ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni àwọn ará Ṣakí yóò gbé obì wá láti tọrọ Àwáwù ọmọ mi, pé kí èmi Ràsáàkì tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wọ́n, kí n wẹ̀wù, kí n na ọwọ́ méjèèjì gba obì Àríyọ̀. Àríyọ̀! Àríyọ̀ tó pè mí ní ọ̀pẹ lábẹ́ igi òdán, níṣojú Ládòkun, níṣojú gbogbo ahunṣọ tó wà ní Ìṣẹ́yìn!

Ẹ máa ran òwú yín lọ, mi ò ní kí ẹ má ran òwú. Etí yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò bá ọwọ́ yín wí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀pẹ ṣá? Ẹ̀yin obìnrin rò pé ohun tí àwọn ọ̀lẹ fi ń sá fún òfì ni ayò. Ẹni méjì péré ló ń jókòó ti ọpọ́n: ọ̀ta tó mọ ayò ta, àti ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta, tí gbogbo ayé ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù, òǹwòran ni wọ́n, òfin òǹwòran sì ni pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe òfin yẹn, ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó pa á mọ́. Èmi ni ọ̀ta. Kí wọ́n tó wá la ọ̀nà ajẹ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti jẹ́ ọ̀ta. Àwọn tó ń ru ọjà bọ̀ láti Ìgbẹ́tì, kí wọ́n tó béèrè iye tí aṣọ ń lọ, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ọ̀ta pa lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kéékèèké ò mọ orúkọ tí bàbá wa sọ mí. Bàbá Ọ̀ta, wọ́n á ní, Bàbá Ọ̀ta, ẹ kú àárọ̀.

Mi ò sì jí bá a lórí ẹní. Àbí ẹ ti gbàgbé ìgbà tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Adó-Àwáyè, tí ẹ̀yin náà ń di ẹ̀kọ fún mi, tí bàbá wa rò pé òwú ni mò ń lọ rà? Bàbá arúgbó kan ni mò ń lọ wò, tí ń ta ayò lẹ́sẹ̀ òkè ibẹ̀. Àwọn tí a jọ lọ á gun òkè lọ wo adágún omi, èmi á jókòó ti bàbá. N kì í wo ojú rẹ̀ o, ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀ta, ohun tí ọ̀ta fẹ́ kó rí ni yóò rí. Ọwọ́ kì í purọ́. Bí mo bá délé, n ó dùbúlẹ̀, n ó máa ta gbogbo ayò ọjọ́ yẹn padà nínú orí mi, títí ẹ ó fi máa pariwo pé òfì ń dúró. Ìyà tó jẹ mí nídìí ayò, ká ní kéwú ni mo fi kà, èmi ni ǹ bá jẹ́ lèmọ́mù ìlú yìí.

Wàyí o, ọjọ́ ọjà, mo parí iṣẹ́ òwúrọ̀, mo bọ́ sábẹ́ òdán, mo pa Ládòkun bí mo ṣe máa ń pa á, mo sọ fún un pé ó yẹ kó máa fi ọmọ ayò rẹ̀ ṣe ọbẹ̀ jẹ nítorí kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi í ṣe. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí ayò nìyẹn, ẹnìkan kì í bínú. Ọmọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò aṣọ, ará Ṣakí, ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó yẹ kí n ti fura. Òǹwòran tí kò sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní òun mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí kò bá ní bí mí nínú, òun fẹ́ kí n kọ́ òun ní ayò kan ṣoṣo.

Kí n kọ́ òun! Ẹ wo ẹnu oyin.

A bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọmọ méjì síbi tó bọ́ sí mi lẹ́nu, mo jẹ ẹ́. Ó tún fi mẹ́ta sílẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo pe Ládòkun pé kó wá wo ẹni tó tún gọ̀ jù ú lọ, inú Ládòkun dùn. Ṣé ẹ rí i, ojú ọmọ náà ni mò ń wò. Èmi tí mo lọ kọ́gbọ́n ní Adó! Ojú yẹn ló jẹ́ kí n gbàgbé ọwọ́, ojú náà kún fún ìbọ̀wọ̀, ó kún fún ìtìjú, gbogbo ìgbà tí mo bá jẹ ọmọ ayò rẹ̀ ló ń ní, "Ẹ kúuṣẹ́, bàbá." Òun ti ń kó ọmọ jọ sílé ìkángun lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ti di odù ràbàtà, èmi ò wò ó. Ìgbà tí gbogbo ilé mi ti gbẹ ni mo tó gbójú sókè. Ó kó odù yẹn sọ́wọ́, ó nu àtẹ́lẹwọ́ kejì mọ́ itan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́ sínú, ó wá ń tú u sílé kọ̀ọ̀kan, ó gba ọ̀dọ̀ mi, ó gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó tún padà sọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí láti ilé dé ilé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi tí n ó fi wẹnu.

Ládòkun na ọrùn wo ọpọ́n. Ọmọ náà wá dìde, ó rọra tẹrí ba, ó ní, "Ọ̀pẹ, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ rọra dìde, kí ẹsẹ̀ má baà ro yín."

Ìyá Mọ́nsúrù, ó fi "ẹ" bú mi. Ṣé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀pẹ ni? Ká ní ó pè mí ní ìwọ, ká ní ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ṣe ń ṣe, ǹ bá dá a padà fún un, ǹ bá bú baba ńlá rẹ̀, gbogbo wa ìbá rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kí ni n ó sọ? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí igi òdán fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́wé. Ládòkun dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ó ń yí gbirigbiri. Mo ní kó tún ọpọ́n tò, ó ní oòrùn ti ń wọ̀, àwọn aláàárù òun ti kọrí sí Òtu, òun ní láti bá wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ.

Mo ní kò burú. Mo ní yóò tún gba ibí kọjá, ta ni kì í gba Ìṣẹ́yìn kọjá? Ọjọ́ tó bá padà wá ni n ó sọ ọ́ di ọ̀pẹ títí ayé. Mo ń retí rẹ̀. Mo ń retí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Kí ló wá dé? Iṣẹ́ dé láti Ṣakí pé ọmọ wọn Àríyọ̀ rí òdòdó kan nínú ọgbà mi. Àríyọ̀ wo? Àríyọ̀ tó ń ṣòwò aṣọ. Ayé mi!

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Àna kì í bá àna ta ayò. Bàbá ìyàwó kì í jókòó ko ọkọ ọmọ rẹ̀ lójú nídìí ọpọ́n, nítorí ẹnìkan nínú wọn ní láti di ọ̀pẹ, kí ẹnìkejì fi í ṣẹ̀sín, ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín báyìí, báwo ni yóò tún ṣe dọ̀bálẹ̀, báwo sì ni wọn yóò ṣe máa kí i? Àwọn baba wa ló là á sílẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá ká tún un ta kí wọ́n tó so yìgì, ṣé ẹ mọ èsì tó fún mi? Ó ní, "Ẹ bá mi kí bàbá. Èmi tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe bàbá, kí n tún jókòó bá wọn ta ayò? Ó di èèwọ̀." Gbogbo àwọn tí mo sọ fún ló ń ní ọmọ náà mà gbẹ̀kọ́ o, ọmọ náà mà mọ̀wà hù o. Ìwà wo? Ó pa mí tán, ó wá sá sábẹ́ ìwà! Ẹ̀yin ẹ wò ó: bí mo bá gba obì yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, títí wọn yóò fi gbé mi sin, ayò tí mo bá Àríyọ̀ ta kẹ́yìn, òun ló pa mí. Ọ̀pẹ ni n ó kú. Ládòkun ni yóò sì máa ròyìn rẹ̀ níbi ìsìnkú mi, mo mọ Ládòkun.

Kí lẹ ní? Ẹ ní kí ló dé tí n kò fi Àwáwù fún ará Òtu tó kọ́kọ́ wá?

Ṣé èmi ni mo lé e ni? Òun ló sá. Ó gbé obì wá, mo ní kí obì ṣì dúró ná, kò tíì di àna, kó jẹ́ ká fi ayò díẹ̀ pa ara lára. Mo pa á. Mo pè é ní ọ̀pẹ, mo sì kọrin díẹ̀, kò ju díẹ̀ lọ. Ó gbé obì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé. Ti Adó náà, bákan náà. Ẹni tí kò lè ṣọ́ ilé mẹ́fà lórí ọpọ́n, ṣé òun ni yóò lè ṣọ́ ilé tí ọmọ mi yóò wà? Ẹ dá mi lóhùn. Àwáwù gan-an kò bínú. Ọjọ́ tí ará Adó lọ, ó kàn wá kó ọmọ ayò sínú àpò, ó gbé ọpọ́n wọlé, kò wí nǹkan kan.

Kò wí nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó dùn mí jù, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tó kó odù sọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Àgbò ti fẹ̀yìn rìn tó." Ìyá Mọ́nsúrù, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ yẹn! Èmi ni mo ni ọgbọ́n ayò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìjẹ tó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ìjẹ kejì, odù tó ń pọ̀ sí i ní ìkángun. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ de ọ̀ta Òkèhò tó ń bọ̀ wá kí wa ní Iléyá. Mo gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, òkúta ni mo fi ń ṣe ọmọ ayò, èmi nìkan ń ta á fún ọwọ́ méjèèjì, tí mo bá sì fẹ́ kó odù, n ó sọ fún ara mi pé àgbò ti fẹ̀yìn rìn tó, nítorí àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Lábẹ́ òdán, n kò sọ ọ́ rí. Wàláì, n kò ta á rí níta! Ta ló wá fi hàn án?

Mo ti ronú títí orí ń fọ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé Ládòkun ni, pé ó ń gba ojú ihò ara ògiri yọjú. Mo po amọ̀, mo dí ihò náà, ẹ̀yin náà bi mí pé kí ni mò ń fi amọ̀ ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní bóyá àlùjànnú ni. Mo lọ bá àlùfáà, mo ní kó ṣàdúà sínú omi fún mi kí n máa fi wọ́n ẹ̀yìnkùlé, ó ní ta ni àlùjànnú ń bá ta ayò, ó ní kí n lọ sùn. Nígbà tó yá, n kò fẹ́ kí ẹranko pàápàá débẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ yín tí mo fi igi lù lọ́jọ́ yẹn, ohun tó fà á nìyẹn, ẹ má bínú.

Ta ló tún máa ń wà ní ẹ̀yìnkùlé? Kò sí ẹnìkan! Ilẹ̀kùn ni mo máa ń tì. Èmi nìkan ni. Èmi nìkan, àti Àwáwù tó bá ń tú òwú, ìyẹn náà jókòó síbi tirẹ̀, á gbé omi fún mi, á bá mi ṣa òkúta tó bá fò lọ. Àwáwù kì í ṣe ènìyàn tó ń... Ọmọ mi ni. Kí ló mọ̀ nípa ayò? Ìgbà kan ṣoṣo ló bi mí léèrè, ó ní, bàbá, ẹni tó jókòó kọjú sí yín, ṣé kò ní rí odù yẹn bó ṣe ń ga? Inú mi sì dùn pé ó béèrè, mo ṣàlàyé fún un, mo ní kò ní rí i bí o bá jẹ́ kó jẹun yó, ojú rẹ ni yóò máa wò, nítorí náà tún ojú rẹ ṣe, jẹ́ kó rí bí ẹni tó ń tijú...

Ẹ dúró ná.

Ẹ dúró ná, Ìyá Mọ́nsúrù. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Òwú yín já. Èmi ò rí kí òwú já lọ́wọ́ yín rí láti kékeré. Ẹ wo ojú mi. Rárá, ẹ má tẹ orí ba, ẹ wo ojú mi. Ta ló mú Àwáwù lọ sí Ṣakí lọ ta aṣọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ọjà ò yá, ẹ pẹ́ níbẹ̀ títí mo fi ń bínú pé kò sẹ́ni tí yóò tú òwú fún mi. Ta ló ra gbogbo aṣọ náà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ ní oníṣòwò kan báyìí, ọmọ dáadáa. Ọmọ dáadáa! Ọjà ò yá, àbí ayò ni wọ́n ń ta lẹ́yìn àtẹ yín?

Súbùhánálláhì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, èmi ń lọ dí ògiri. Èmi ń lu ewúrẹ́! Ó jókòó síbẹ̀ ó ń tú òwú, ó ń fi etí kan gbọ́ mi, ó ń fi ojú kan kà mí, ọjọ́ tí ará Adó gbé obì rẹ̀ lọ ló ti kó ọmọ ayò sápò, èmi ní kò bínú. Ó bínú. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń bínú gan-an nìyẹn, ìyá wa náà kì í pariwo. Ó wá lọ wá ẹni tí ojú rẹ̀ lè tijú dáadáa, ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n ayò bàbá rẹ̀, ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń sọ, ó rán an wá lọ́jọ́ ọjà kó wá pa mí kó tó di àna, kí n má baà lè ní kí obì dúró. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá ní ká tún un ta, èèwọ̀ ni ọmọ náà yóò fi dá mi lóhùn. Ó ka ayò náà títí dé ìkángun. Wọ́n fi mí sílé, wọ́n tì mí pa.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, inú mi tún ń dùn níbì kan, mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Ọmọ tí n kò kọ́! Mo ń rìn lọ sí Adó kí n lè kọ́ ọ, òun jókòó ti òwú ó kọ́ ọ. Ẹ̀rín yìí ni kò jẹ́ kí n lè bínú dáadáa, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí n rí ibi sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Kí wọ́n máa gbé obì wọn bọ̀ ní Jímọ̀. N ó tẹ́ ẹní, n ó wẹ̀wù. Ṣakí jìnnà, bí ó bá lọ tán, ta ni yóò máa bá mi ṣa òkúta ní ẹ̀yìnkùlé? Ẹ má dáhùn, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan obì náà àfi bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀. Àna kì í bá àna ta ayò, mo gbà, ẹnu àwọn baba wa ni. Ta ló ní bàbá kì í bá ọmọ rẹ̀ ta á? Àwáwù kì í ṣe àna mi. Òun ni yóò jókòó síwájú mi lábẹ́ òdán, níṣojú ará Ìṣẹ́yìn àti ará Ṣakí, kí Ládòkun wà níwájú pátápátá kó lè rí i. Bí mo bá pa á, mo pa ẹni tó kọ́ ẹni tó pa mí, kí Ládòkun wá ṣírò ẹni tó jẹ́ ọ̀pẹ níbẹ̀. Bí òun bá sì pa mí... Bí òun bá pa mí, ìyẹn ni pé ọ̀ta Ìṣẹ́yìn ò kúrò nínú agbo ilé yìí rí, ó kàn yí ẹní jókòó ni. Kí Àríyọ̀ máa mú un lọ, kó sì lọ máa jẹ́ ọ̀pẹ ní ilé ara rẹ̀. Ojú tirẹ̀ náà yóò rí i!

Ẹ pè é fún mi, ká dán an wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ní kó gbé ọpọ́n jáde láti... Àwáwù. Ìgbà wo ni ìwọ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn? Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀? Àwa ń wí, ìwọ ń gbọ́, bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbé e síbí. Ẹ wá wò ó, Ìyá Mọ́nsúrù, ó ti pín ọmọ ayò sílé ní mẹ́rin-mẹ́rin kí n tó pè é!

Má fi ojú ìtìjú yẹn wò mí, èmi ni mo ni ín. Jókòó. Ọwọ́ rẹ ni n ó máa wò lónìí. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ so òwú yín pọ̀, ẹ pa ẹ̀rín yẹn mọ́ra, mo rí i tí ẹ ń ṣẹ́jú sí i. Òǹwòran ni yín. Òǹwòran kì í sọ̀rọ̀.